Bàtá Nínú Eré Ikú Ọba

Ifọ̀ ni mo ti kọ́ ìlù bàtá lọ́wọ́ bàbá mi. Mówè ni mo ń gbé báyìí, Ìbafọ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ wà. Ẹni tó bá bi mí nípa orin eré ìbànújẹ́, Dúró Ládiípọ̀, òṣèré orí ìtàgé, ni n óò kọ́kọ́ dárúkọ.

Hubert Ògúǹdé, ọmọ Ọ̀sósà ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, ló ṣáájú rẹ̀. Orin ìjọ ló fi bẹ̀rẹ̀ eré ní 1944. Nígbà tó yá, sasofóònù àti ìlù ijó òyìnbó wọ inú rẹ̀. Ládiípọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1961 ó gbé ìlù ìbílẹ̀ wọ orin Àjíǹde nínú ìjọ l'Óṣogbo, àwọn kan sì yarí. Ó bá tirẹ̀ lọ. Ní 1962 Mbárí Mbáyọ̀, ilé iṣẹ́ ọnà l'Óṣogbo, ṣílẹ̀kùn. Ní 1963 ó gbé Ọba Kò So jáde, ìtàn Ṣàngó ọba tó ti Tìmì àti Gbọ̀nkáà, àwọn balógun rẹ̀, lu ara wọn títí ọ̀rọ̀ fi yí lé e lórí. Wọ́n gbé eré náà dé Berlin ní 1964, wọ́n sì gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún kejì.

Bàtá ló tọ́ sí eré yẹn, nítorí ìlù Ṣàngó ni. Ìyáàlù ní ojú méjì: ojú òjò tó tóbi, tí a fi ìda sí kí ohùn rẹ̀ lè wúwo, àti ṣáṣá tó kéré, tó ń dún ṣáṣá bí orúkọ rẹ̀. Omele abo àti omele akọ ń dá a lóhùn. Dùndún máa ń sọ̀rọ̀ geere. Bàtá a máa kólòlò, ìbínú ọba sì bá akólòlò mu.

Àwọn tó ń ta fayolíìnì ní ìjọ kan ní Mówè ni wọ́n jẹ́ kí n gbọ́ Coriolan, orin tí Beethoven kọ ní 1807 fún eré tí Collin kọ. Bí akọni eré náà ṣe ń kú, bẹ́ẹ̀ ni ìró okùn ń rẹlẹ̀, títí tó fi pa rẹ́. Ó wọ̀ mí lára gan-an. Ṣùgbọ́n ikú Ṣàngó kì í parí báyẹn lọ́wọ́ wa. Ìgbà tí ọba bá lọ ni ìyáàlù ń le sí i, nítorí ẹni tó lọ ti di òrìṣà, àwọn èèyàn rẹ̀ sì ń kígbe pé kò so.

Ládiípọ̀ kú ní 1978. Sinimá gba èrò lọ́wọ́ eré orí ìtàgé, àwọn onílù sì fọ́n ká: àwọn kan gba òde ìkómọ lọ, àwọn mìíràn gba ṣọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀, Akin Euba tó ń kọ orin ti fi hàn ní 1970, nínú Chaka, eré olórin tó mú látinú ewì Senghor, pé ohun èlò òyìnbó àti tiwa lè jókòó pọ̀.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ akọrin ní Mówè, Ìbafọ̀ àti Ifọ̀ tí ẹ ti ra fayolíìnì àti tìróńpẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe alùbàtá sí ìdánrawò yín, kí ẹ sì kọ ohun tó bá lù sílẹ̀.