Àdán, Òòbẹ̀ àti Lẹ́tà Ọlọ́jọ́ Méje

Ọjọ́ Ẹtì ni lẹ́tà náà tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe omi inú ọ̀rá àti ti inú ìgò, lẹ́yìn Tóògéètì Ìbàdàn, ló ní kí n wá máa yẹ omi wò ní láàbù àwọn. Owó-oṣù rẹ̀ jẹ́ 120,000 náírà. Owó-oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024 jẹ́ 70,000, nítorí náà n kò lè yínmú sí iye yẹn. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún mi kí n fi fèsì.

Mo kà á tán, mo yọ fóònù, mo tún lọ wo ímeèlì mi bóyá ilé ìwádìí ẹ̀gẹ́ tí mo ti wá iṣẹ́ sí ti kọ̀wé. Wọn ò kọ̀wé. Ó ti di ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí mo ti jókòó síwájú àwọn mẹ́rin tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò níbẹ̀, tí obìnrin tó jẹ́ olórí wọn sì sọ pé, "A ó pè ọ́." Gbólóhùn kékeré yẹn ni mo ń gbé sùn, òun náà ni mo ń bá jí.

Oko bàbá mi lọ́nà Ọ̀yọ́ ló so ọkàn mi mọ́ ibẹ̀. Mo kéré nígbà tí ewé ẹ̀gẹ́ oko wa bẹ̀rẹ̀ sí í kákò, tí ara rẹ̀ ṣe kàlákìní bí aṣọ tí bílíìsì ta sí. Bàbá mi fa ìdí kan tu, gbòǹgbò tó yọ kò ju ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó dì í mú títí, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ẹnì kan fún un ní igi TMS 30572, ọ̀kan lára irú ẹ̀gẹ́ tí àwọn onímọ̀ IITA mú jáde ní Ìbàdàn níbí, ìyẹn ló sì gba oko náà là. Yunifásítì ni mo ti wá mọ̀ pé kòkòrò funfun kan tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ ló ń gbé àrùn yẹn láti ewé dé ewé, àti pé èèyàn lè gé ṣóńṣó èhù ẹ̀gẹ́, èyí tí kò tó mìlímítà kan, kí ó gbìn ín sínú ìgò títí yóò fi di igi tí kò lárùn. Mo ti ṣe é rí. Mo fi abẹ gé e lábẹ́ máíkíróskóòpù, mo séèémí kí ọwọ́ mi má baà gbọ̀n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ewé tútù kan yọjú nínú ìgò náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe.

Màmá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, bí a ò bá rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí, kò tíì wọ̀ mí lọ́kàn. Mo wà bí ẹni tó gbé odó mì: ìdúró ò sí, ìbẹ̀rẹ̀ ò sí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ní kí n kọ́kọ́ lọ fojú ara mi rí ibẹ̀ ná. Àwọn obìnrin ń ka omi ogún-ogún sínú báàgì, ọwọ́ wọn yá ju ojú mi lọ. Ọ̀gá láàbù, bàbá kan tó wọ bàtà rọ́bà funfun, mú mi wọ yàrá kan tí kò tóbi, ó sì gbé àwo pẹlẹbẹ kan síwájú mi. Àmì pupa mẹ́ta wà lójú àwo náà, bí ẹni fi ẹnu bírò kàn án.

"Omi ẹ̀rọ kejì nìyẹn," ó ní. "A da gbogbo rẹ̀ nù."

Nínú 100 mílílítà omi mímu, kò yẹ kí E. coli, kòkòrò tí àmì pupa yẹn dúró fún, wà, ìbáà jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, torí ibi tí èèyàn bá ti rí i, ìgbẹ́ ti kan omi náà, onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun sì lè tẹ̀ lé e. Omi tó ní in kì í yí àwọ̀, kì í rùn. Nọ́ńbà NAFDAC ara ọ̀rá kò lè sọ bí omi ti òwúrọ̀ yìí ṣe rí. Ẹni tó jókòó ti àwo yẹn nìkan ló lè sọ ọ́, kí ọmọ ilé-ìwé kan tó fi eyín já etí ọ̀rá ní Mọ́kọ́lá. Bí mo ṣe ń padà sílé nínú máíkírà, mo rí i pé n kò lè pe iṣẹ́ yẹn ní òòbẹ̀ mọ́.

Bọ̀ọ̀dá mi ní kí n fọwọ́ sí i, kí n máa gbowó, ọjọ́ tí àwọn tọ̀hún bá pè, kí n gbéra. "Má wí nǹkan kan fún wọn." Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jẹ́ agùnbánirọ̀, ọkùnrin kan wà ní láàbù ilé ìwòsàn tí mo ti sìn, ó lọ sílé lọ́jọ́bọ̀ kan, kò padà mọ́. Ó ti rí iṣẹ́ tó dára ju ìyẹn lọ. Ọjọ́ kẹrin ni a tó ṣí ẹ̀rọ tó kó àwo sí, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́, òórùn gba yàrá. Ìyá ọmọ kan wá lẹ́ẹ̀mẹta fún èsì ìtọ̀ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, èmi ni mo sọ fún un pé kí ó tún lọ gba ìtọ̀ mìíràn wá. N kò dá ọkùnrin yẹn lẹ́bi pé ó lọ. Pé kò sọ fún ẹnikẹ́ni ló dùn mí, ó sì ń dùn mí di òní.

Lọ́jọ́rú mo pe ilé ìwádìí. Obìnrin tó gbé e fi pẹ̀lẹ́tù dá mi lóhùn pé ìgbìmọ̀ kò tíì jókòó, pé ó lè di ìparí oṣù tó ń bọ̀. Àbúrò mi méjì ṣì wà níléèwé. Owó tiwọn náà wà nínú ìṣirò mi.

Lọ́jọ́bọ̀ mo padà sọ́dọ̀ ọ̀gá láàbù. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ kí n tó fọwọ́ sí ìwé yìí." Mo sọ ọ́ láìfi bò: ibi tí mo ti ń retí, ìdí tí mo fi fẹ́ ibẹ̀, ìgbà tó ṣeé ṣe kí wọ́n pè. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti rin. Ó fa lẹ́tà náà mọ́ra, ó fi ìka tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìdánwò, pé ẹni tó bá fẹ́ lọ yóò sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.

"Ọjọ́ tí wọ́n bá pè ọ́ ni kí o sọ fún mi. Má jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́dẹ. Títí dìgbà náà, ojú rẹ ni mo fẹ́ lára àwọn àwo yìí."

Mo fọwọ́ sí i níwájú rẹ̀. Ọkàn mi ò kúrò lára ẹ̀gẹ́, n kò sì díbọ́n fún un pé ó kúrò.

Ọjọ́ Ajé ni mo bẹ̀rẹ̀. Fóònù kì í wọ láàbù, nítorí náà mo tì í mọ́ inú dúróọ̀ ẹnu ọ̀nà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo kó àwọn àwo tí èmi fúnra mi ti ṣe jáde nínú ẹ̀rọ, mo ń gbé wọn sókè sí ìmọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkínní mọ́. Èkejì mọ́. Lójú ẹ̀kẹta, àmì pupa kan wà létí, ó kéré, mo sì gbé e sún mọ́ fèrèsé kí n lè rí i dáadáa.