Bí A Ti Ń Gé Ohùn sí Gbólóhùn

Bí iyán ti wù kí ó pọ̀ tó nínú àwo, òkèlè òkèlè ni a fi ń jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí fún ẹni tí ń kọ́ èdè. Bí a bá gba ohùn àgbàlagbà kan sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, tí a sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ náà yóò ṣàn kọjá bí omi lórí àpáta. Ṣùgbọ́n bí a bá gé e sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, yóò gbọ́ ọ̀kan, yóò sọ ọ́ tẹ̀lé e, yóò sì tún un gbọ́ títí yóò fi mọ́ ọn lẹ́nu.

Mo ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a ń sọ nílé wọn. Nítorí irú wọn ni mo ṣe gba àlọ́ Ìjàpá sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa, lẹ́yìn tí mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Audacity ni ètò orí kọ̀ǹpútà tí mo fi ń gé e. Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà ni a ti pilẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2000 ni a sì fi í lé gbogbo ayé lọ́wọ́ láìgba owó. A máa ya àwòrán ohùn bí òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀: ibi tí a ti sọ̀rọ̀ a ga, ibi tí a ti dákẹ́ a tẹ́jú.

Ibi tí ó tẹ́jú náà ni ẹ̀tàn wà. Kí a tó pe k tàbí t, a máa ń sé èémí fún ìgbà díẹ̀, ohùn a sì dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ lè parí kí ohùn má dákẹ́: ẹni tí ó kọ “ra ẹja” sílẹ̀, “rẹja” ni yóò sọ lẹ́nu. Ta ni yóò ti ọ̀bẹ bọ àárín wọn? Etí àti òye ni kí a fi gé ohùn, kì í ṣe ojú nìkan.

Nínú àlọ́ náà, ẹnì kan kìlọ̀ pé, “Ẹ má mu omi yìí.” Ìyá àgbà rọra bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn yìí tó bẹ́ẹ̀ tí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ má hàn nínú àwòrán. Bí a bá bẹ́ orí náà, “Mu omi yìí” ni yóò kù. Ìkìlọ̀ di àṣẹ, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní mọ̀ pé a ti ṣi òun lọ́nà. Ìdí nìyí tí mo fi ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn ègé kọ̀ọ̀kan.

Àwọn mìíràn ní kí a gé e sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. N kò fara mọ́ èyí. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ kò ní ìwọ̀n kan pàtó. Ara wọn ni a fi ń mọ̀ wọ́n. Ohùn òkè ọkùnrin kan lè rẹlẹ̀ ju ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdé lọ. Nínú gbólóhùn ni ìyàtọ̀ ọkọ́ sí ọkọ ti túbọ̀ ń hàn kedere.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe ju odidi nù nítorí ègé. Ìlẹ̀kẹ̀ tí kò ní okùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ọrùn. Nígbà tí ègé kọ̀ọ̀kan bá ti yé yín, ẹ padà gbọ́ àlọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.