Ọ̀nà Tí Mo Gbà Dé Ilé Ìwòsàn Ìyá àti Ọmọ

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 2011, mo wọ bọ́ọ̀sì ní Ìwó Róòdù n'Íbàdàn, mo forí lé Àkúrẹ́. Òwò kọ́ ni mo bá lọ, ìnáwó kọ́ sì ni. Wọ́n ní ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, aboyún ń bímọ ní ilé ìwòsàn ìjọba láìsan kọ́bọ̀. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Orí ìkúnlẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kú sí nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé. Òru ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Kí bàbá wa tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé e, ilẹ̀ ti ń mọ́. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní ká kọ́kọ́ lọ wá owó wá. Kí owó tó dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

A gba Iléṣà, a kọjá Ìpetu. Mo ń wo àwọn ọ̀nà tóóró tó yà wọ inú oko kòkó lọ, mo sì ń ro ti aboyún tó ń gbé lópin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Bó bá ké lóru, ta ni yóò gbọ́?

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ìgbàrà-Òkè, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Ibẹ̀ ni ètò ìtọ́jú aboyún tí wọ́n ń pè ní Àbíyè ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009, ọdún tí Dókítà Olúṣẹ́gun Mímíkò gorí àlééfà gẹ́gẹ́ bíi gómìnà Oǹdó. Oníṣègùn ni gómìnà yìí, ó sì ti ṣe kọmíṣọ́nnà ètò ìlera rí.

Òṣìṣẹ́ ìlera kan kí mi káàbọ̀, ó fún mi ní àga. Ó ní, "Ìfàsẹ́yìn mẹ́rin ló ń pa aboyún, sà." Ó ń fi ìka kà wọ́n: kí wọ́n má tètè pinnu láti gbé e jáde nílé, kí wọ́n má tètè rí ohun tí yóò gbé e, bó bá dé ilé ìwòsàn, kí wọ́n má tètè dá a lóhùn, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sì ju agbára wọn lọ, kí wọ́n má tètè gbé e lọ síbi tó tóbi jù. Mo dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń kà fún mi yẹn.

Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń mójú tó aboyún 25. Ó ń gun alùpùpù lọ bá wọn nílé. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sì wà fún gbígbé wọn níbi tí ọ̀nà kò ti dára. Wọ́n fún aboyún ní fóònù pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú wọn, tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, fi tirẹ̀ hàn mí: "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá pè é lóru, nọ́ọ̀sì mi á gbé e."

Nọ́ọ̀sì mi! Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé dé Àkúrẹ́.

Ilé Ìwòsàn Ìyá àti Ọmọ, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2010 pẹ̀lú ibùsùn 100, kún fọ́fọ́. Ọ̀fẹ́ ni nígbà náà fún aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, kódà bó bá di iṣẹ́ abẹ. Àwọn kan tilẹ̀ wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn. Ìyá àgbà kan gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ jáde, ó ń tẹnu mọ́ ọn pé, "A gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ." Omi bọ́ lójú mi.

Lẹ́yìn ìrìnàjò mi, wọ́n kọ́ irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ sí ìlú Oǹdó. Lọ́dún 2014, ètò Agbẹ̀bíyè pe àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ mọ́ra, kí wọ́n lè máa darí aboyún sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́ tí wọn yóò máa fi jẹun. Lọ́dún 2017, sáà Mímíkò parí.

Sáà gómìnà a máa parí. Ìrọbí kì í parí láyé. Nítorí náà, nígbà tí olóṣèlú bá tún wá bẹ̀ yín fún ìbò, yálà Oǹdó lẹ wà tàbí ibòmíràn, ẹ bi í léèrè: bí aboyún abúlé wa bá rọbí lóru òní, ta ni yóò gbé fóònù rẹ̀?