Àǹtí Nọ́ọ̀sì àti Àwọn Ọmọ Tí Ìfun Ń Bá Jà

Bí ọmọ bá wọlé síwájú Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ọmọdé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Á ní kó bọ́ bàtà, kó fẹ̀yìn ti ògiri, kó wo iwájú gan-an. Á fa igi ìwọ̀n wálẹ̀ títí yóò fi kan àtàrí ọmọ, á ka gíga rẹ̀, á sì sàmì sí i lórí ìwé tí wọ́n fi ń tọpa ìdàgbà rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọwọ́. Bí ìlà orí ìwé náà bá ti ń gòkè bọ̀ láti ìgbà náà wá, tó wá tẹ́ pẹrẹsẹ lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀.

"Ìyá lè ní ọmọ òun ń jẹun. Ọmọ fúnra rẹ̀ lè ní inú kò run òun, torí ojú ń tì í láti sọ̀rọ̀ ìgbẹ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n ọmọ tó wọ ṣòkòtò iléèwé kan náà fún ọdún méjì, tí kò kéré sí i, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò."

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni àwọn òbí Yorùbá tó ń bá pàdé níbẹ̀ ń pè é. Àìsàn méjì ló ń tọ́jú, Crohn's disease àti ulcerative colitis, tí àwọn dókítà kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, IBD. Ìfun ni méjèèjì ń bá jà: á wú, á pọ́n, á dégbò. Ulcerative colitis kì í kọjá ìfun ńlá, ó sì sábà máa ń mú ẹ̀jẹ̀ bá ìgbẹ́ jáde. Crohn's lè mú ibikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí, á fo ibì kan, á tún balẹ̀ sí ibòmíràn. Ọmọ tó ní in lè má ya ẹ̀jẹ̀ rárá, kó kàn máa rù, kó máa rẹ̀ ẹ́, kí ẹnu rẹ̀ máa dégbò, kó má sì ga. Méjèèjì kì í ràn. Aràn kọ́ ló fà á, ṣúgà kọ́. Ààbò ara ọmọ ló kọjú ìjà sí ìfun rẹ̀, bí ajá tó yẹ kó máa gbó olè tó wá ń bu ọmọ onílé jẹ. Àjogúnbá wà níbẹ̀, torí ní 2001 ni àwọn onímọ̀ rí NOD2, àbùdá àkọ́kọ́ tí wọ́n mọ̀ tó so mọ́ Crohn's. Àwọn kòkòrò tíntìntín inú ìfun àti àyíká náà sì lọ́wọ́ sí i. Nínú èèyàn mẹ́rin tó ní IBD, ó tó ẹnì kan tó ti bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ kó tó pé ọmọ ogún ọdún.

Ìbàdàn ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti kọ́ṣẹ́. Nígbà náà, bí ọmọ bá ń ya ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ ọ̀rìn ni wọ́n máa kọ́kọ́ rò, lẹ́yìn náà táífọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ti wọ ìfun. Ọ̀nà ni wọ́n wà, nítorí àwọn wọ̀nyẹn ló pọ̀ nílẹ̀, àrùn òyìnbó sì ni gbogbo èèyàn ka IBD sí. Láti ìgbà náà, àwọn dókítà ní Ilé-Ifẹ̀ àti Ìbàdàn ti kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tiwọn tó ní in. Nígbà tó dé Lọ́ńdọ̀nù láàárín àwọn ọdún 1990, wọ́ọ̀dù àgbàlagbà ló kọ́kọ́ wà kó tó bọ́ sí ti ọmọdé. Kò bá nọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀ tó jẹ́ pé IBD nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ń fún ọmọ lóògùn, tí ọmọ bá ti lọ sílé, ó di ọjọ́ tí dókítà bá tún ní àyè.

Ó máa ń fẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì tuntun mọ ibi tí wọ́n ti bá iṣẹ́ yìí. Ní 1859, Samuel Wilks ti Guy's Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé nípa obìnrin kan tó kú, tí wọ́n bá egbò nínú ìfun rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ka ìtàn ulcerative colitis. Ní 1913, Kennedy Dalziel, oníṣẹ́ abẹ ní Glasgow, ṣàlàyé ìfun tó wú tó sì le gbagidi, èyí tó jọ Crohn's gidigidi. Ní 1932, Burrill Crohn, Leon Ginzburg àti Gordon Oppenheimer ti Mount Sinai Hospital ní New York gbé ìròyìn aláìsàn 14 jáde. A-bí-dí ni wọ́n fi to orúkọ wọn, ti Crohn ló ṣíwájú, bí àìsàn náà ṣe di tirẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀bẹ ni ìwòsàn tó wọ́pọ̀ láyé ìgbà náà. Lẹ́yìn náà ni Nanna Svartz, dókítà obìnrin ní Sweden, ṣe sulfasalazine fún àwọn tí oríkèé ń dùn, tó sì rí i pé ó ń tu àwọn tó ní ulcerative colitis lára. Ní 1955, Sidney Truelove àti Leslie Witts ní Oxford fi hàn pé cortisone ń gba ẹ̀mí àwọn tí colitis ti dá dùbúlẹ̀ là.

Ohun ńlá ni cortisone jẹ́ fún àgbàlagbà. Fún ọmọdé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Àǹtí Nọ́ọ̀sì rí àwọn ọmọ tí sìtẹ́rọ́ọ̀dù, irú oògùn bíi cortisone, gbà là lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ojú wọn wú roboto, tí irorẹ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, tí eegun wọn ń fúyẹ́, tí gíga wọn sì dúró sójú kan. Àìsàn ń dí ìdàgbà lọ́wọ́, oògùn tún ń dí i lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí ọmọ bá ti balágà tán tí eegun rẹ̀ ti dì, gíga tó sọnù kò ṣe é dá padà mọ́. Ìdí nìyí tí kò fi gbà kí ẹnikẹ́ni ka ọmọ sí àgbàlagbà kékeré. Àgbàlagbà lè fara da oṣù mẹ́fà tí oògùn kò ṣiṣẹ́. Oṣù mẹ́fà lára ọmọ ọdún méjìlá, ìdàgbà ló ń jẹ.

Nínú gbogbo ìtàn náà, ti àwọn obìnrin méjì kan ló máa ń fẹ́ sọ jù. Ọ̀kan ni Elise Sørensen, nọ́ọ̀sì ará Denmark. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Thora, àbúrò rẹ̀, wọ́n gbé ẹnu ìfun síta lára ikùn rẹ̀, ojú sì ń tì í láti jáde nílé torí pé ìgbẹ́ lè tú sí i lára. Ní 1954, Sørensen ronú kan àpò tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́nu, tó ń lẹ̀ mọ́ ara pinpin, tí wọ́n lè lò kí wọ́n sì jù nù. Èkejì ni Norma Gill, ará Ohio ní Amẹ́ríkà, tí kì í tilẹ̀ ṣe nọ́ọ̀sì. Ulcerative colitis ló bá a jà títí tí Rupert Turnbull fi ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Cleveland Clinic. Ní 1958, Turnbull gbà á síṣẹ́ pé kó máa kọ́ àwọn aláìsàn bí wọ́n ṣe ń bá àpò náà gbé. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà.

"Ìdí àpò ìgbẹ́ ni iṣẹ́ tiwa ti yọ," ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì wí. "Ẹni tí nǹkan ń ṣe ló kọ́kọ́ jókòó ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀."

Lẹ́yìn àpò ni ojú dé. Ní 1957, Basil Hirschowitz gbé rọ́bà tó ń tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi ń wo inú ikùn. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1970, wọ́n ti ń fi irú rẹ̀ wo ìfun ńlá ọmọdé. Ní 2005, àwọn onímọ̀ nípa ìfun ọmọdé ní Yúróòpù fẹnu kò sí ìlànà kan tó ń jẹ́ orúkọ ìlú Porto: ọmọ tí wọ́n bá fura sí, kí wọ́n gba ẹnu wò ó, kí wọ́n gba ìdí wò ó, kí wọ́n sì ya àwòrán ìfun kékeré kí wọ́n tó sọ pé ohun báyìí ló ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì ló ń ṣọ́ ọmọ ní òru tó ṣáájú àyẹ̀wò náà, torí oògùn tó ń fọ ìfun mọ́ kì í jẹ́ kó sùn.

Oúnjẹ gan-an wá di oògùn. Láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù wà lára àwọn tó fi hàn pé bí ọmọ tó ní Crohn's bá ń mu oúnjẹ olómi pàtàkì kan nìkan, ìfun rẹ̀ tó wú á lọ sílẹ̀ bí ti ẹni tó lo sìtẹ́rọ́ọ̀dù, gíga rẹ̀ kò sì ní dúró. Ní 2014, ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù fi í ṣe ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni. Kò sí ìrẹsì, kò sí búrẹ́dì, kò sí dòdò. Fún ọmọ Yorùbá tí àwọn òbí rẹ̀ ń lọ òde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí òórùn jọ̀lọ́ọ̀fù ń lu imú rẹ̀, ìdánwò ńlá ni.

Ọmọ tí kò bá lè mu ún tó, imú ni wọ́n máa gbà fún un. Àǹtí Nọ́ọ̀sì á fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọn ọmọ láti ṣóńṣó imú dé ìsàlẹ̀ etí, láti ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀ eegun àyà, á sì wo iye sẹ̀ǹtímítà rẹ̀. Á fún un lómi díẹ̀, á ní, "Gbé e mì, ọkọ mi, tún gbé e mì." Bí ọmọ ṣe ń gbé omi mì ni rọ́bà ń bá omi wọlé. Kó tó da oúnjẹ kankan sí i, á fi sírínjì fa omi inú ikùn jáde, á kán an sórí bébà tó ń yí àwọ̀ padà. Bí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá ju 5.5 lọ, rọ́bà wà nínú ikùn. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, kò ní da nǹkan kan sí i, torí ẹ̀dọ̀fóró lè jẹ́ ibi tí rọ́bà gbà lọ.

Oògùn tó yí iṣẹ́ náà padà ni infliximab. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àgbàlagbà tó ní Crohn's ní 1998, ó sì di 2006 kí wọ́n tó fọwọ́ sí i fún ọmọdé, lẹ́yìn ìdánwò tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ọmọ 112, níbi tí 88 nínú ọgọ́rùn-ún ti rí ìtura nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹwàá. Lẹ́búlẹ́bú funfun ni, 100 mílígíráàmù nínú ìgò kékeré. Àǹtí Nọ́ọ̀sì á ta omi 10 mílílítà sí i, á máa yí ìgò náà jẹ́jẹ́, kò ní mì í, torí prótéènì ni, bí wọ́n bá mì í á hó. Mílígíráàmù márùn-ún fún kílò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ọmọ tó wọn kílò 30 á gba 150, á wọ iṣan rẹ̀ fún wákàtí méjì. Lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́, á padà wá lọ́sẹ̀ kejì, lọ́sẹ̀ kẹfà, lẹ́yìn náà lọ́sẹ̀ mẹ́jọ mẹ́jọ. Kó tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, torí oògùn yìí lè jí èyí tó sùn sí ara.

Fóònù ló gba ìyókù ọjọ́ rẹ̀. Ní 2009, wọ́n tẹ ìwé ìlànà kan jáde ní Britain tó sọ pé kí nọ́ọ̀sì tó mọ IBD wà nínú gbogbo ikọ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀. Irú nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ni òun, àwọn òbí sì ń pè é láti ibi iṣẹ́, láti inú bọ́ọ̀sì, láti ẹnu ọ̀nà iléèwé. Ìyá kan lè pè pé, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ káàárọ̀ o. Ìyá mi fi àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta. Ṣé kí n fún un?" Èsì rẹ̀ kì í le: "Màámi, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi mí. Ẹ bá mi kí Màmá gan-an, ṣùgbọ́n ẹ má fún un. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ là ń ṣọ́ pẹ̀lú oògùn tó ń lò. Ẹ bu ìgbẹ́ rẹ̀ wá lọ́la ká yẹ̀ ẹ́ wò." Ìgbẹ́ yẹn ni wọ́n fi ń wọn calprotectin, prótéènì tó ń pọ̀ nínú ìgbẹ́ bí ìfun bá wú. Ó ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ fífi rọ́bà wo ìfun wọn nígbà tí kò pọn dandan. Bí bàbá kan bá ní pásítọ̀ ti ní kí ọmọ gbààwẹ̀ kó sì fi oògùn sílẹ̀, á ní kí wọ́n máa gbàdúrà lọ, kí ọmọ máa jẹun, kí wọ́n má sì dá sìtẹ́rọ́ọ̀dù dúró lójijì láé, torí ẹ̀mí lè bá a lọ.

Àwọn ọmọ tó ń rí ń pọ̀ sí i. Ní Scotland, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2012 fi hàn pé IBD ọmọdé ti fi 76 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i láti àárín àwọn ọdún 1990. Nínú yàrá tiẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù wà nínú wọn.

Àwọn tó ti tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í múra wọn sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn àgbàlagbà. Ó fẹ́ kí wọ́n lè dárúkọ oògùn wọn láìwo ojú màmá wọn, kí wọ́n mọ iye tí wọ́n ń lò, kí wọ́n sì lè tẹ fóònù fúnra wọn bí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ. Fún àwọn tí ẹbí wọn ń lọ Nàìjíríà, abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ìṣòro. Ọmọ tó ń lo infliximab kò gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, torí kòkòrò ààyè ló wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọ́n lè béèrè káàdì rẹ̀ lẹ́nu ibodè Nàìjíríà. Ó ń rán wọn sí ilé ìwòsàn ìrìn àjò láti gba ìwé ìyọ̀ǹda, ó sì ń kìlọ̀ nípa ẹ̀fọn. Àwọn tó ń fúnra wọn gún abẹ́rẹ́ adalimumab, oògùn mìíràn fún àìsàn yìí, nílò fíríìjì, torí ìwọ̀n ìtutù 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló yẹ kó wà. Bí ọmọ bá ń lọ síbi òkú bàbá bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, Àǹtí Nọ́ọ̀sì á ti pe ìyá rẹ̀ ṣáájú láti béèrè ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ ní àdúgbò àti ibi tí wọ́n ti lè rí yìnyín rà.