Àtẹ́rígbà Ilé Zaria

Lọ́jọ́ òjò kan, kí n tó dé láti rélùwéè, àtẹ́rígbà yàrá wa já lulẹ̀. Ikán ti jẹ ẹ́ tán. Ọlọ́run ni ó yọ ọmọ wa.

Bíríkìlà Haúsá tí ó tún un ṣe mú mi lọ wo ilé amọ̀ àárín ìlú. Azara ni wọ́n tò sórí ilẹ̀kùn: igi giginya tí a là gbọọrọ, tí ikán kì í fẹ́ jẹ, orí rẹ̀ méjèèjì wọ inú ògiri dáadáa. Òun náà ni Babban Gwani Mikaila lò nígbà tí ó kọ́ Mọ́ṣáláṣí Jímọ́ọ̀ Zaria ní ọ̀rúndún 19.

Ẹ̀yin tí ń wá yàrá, kí ẹ tó sanwó, ẹ gbójú sókè, ẹ fi ọ̀pá kan àtẹ́rígbà. Bí ó bá dún bí akèrègbè òfìfo, ẹ má kó ọmọ sábẹ́ rẹ̀.