Owó Òde àti Owó Ìjọba

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, nínú ẹ̀kọ́ tó kọjá, ẹ ka oríṣiríṣi orúkọ tí owó ń jẹ́ níbi ìdána: owó bàbá gbọ́, owó ìyá gbọ́, owó ìṣíjú ìyàwó, owó ìyàwó ilé, owó ìtanràn fún ẹbí ọkọ tó bá pẹ́ dé. Ọ̀pọ̀ yín ló rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwọn orúkọ wọ̀nyí ṣe di wàhálà fún àwọn tí mò ń gbé láàrin wọn ní Woolwich àti Thamesmead ní ọdún 2020, nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pín owó ìrànwọ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Thamesmead sórí ilẹ̀ àbàtà etí odò Thames ní àwọn ọdún 1960. Ọdún 1968 ni àwọn àkọ́kọ́ kó wọlé. Lónìí, láti Woolwich dé Abbey Wood, ẹni tó ń wá èlùbọ́, ata rodo tàbí aṣọ àǹkárá kò ní rìn jìnnà. Bí Sátidé bá sì ti dé, òde ni. Alásè ń gbé ìkòkò jọ̀lọ̀fù sínú ọkọ̀, àwọn tó ń wé gèlè ń lọ láti ilé dé ilé, onílù ń na awọ, onífótò ń wá ibi tí yóò dúró sí. Ṣàṣà nínú wọn ni òde nìkan ń bọ́. Alásè kan tí mo mọ̀ ń wa bọ́ọ̀sì láàrin ọ̀sẹ̀. Alága ìjókòó tó ń gbé ní òpópónà kejì sí tiwa ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú. Owó òde rẹ̀ ló ń san rẹ́ǹtì ọmọ rẹ̀ ní yunifásítì.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni kónílé-ó-gbélé dé. Òde parí. Nígbà tó di oṣù Keje, wọ́n gba 30 ènìyàn láàyè níbi ìgbéyàwó. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, wọ́n dín in kù sí 15. Ẹ bi ara yín léèrè: nínú ẹbí Yorùbá, ta ni 15? Àwọn àbúrò bàbá ìyàwó nìkan ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2021 ni wọ́n tó mú gbogbo òté náà kúrò.

Mi ò ní sọ pé ìjọba kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ṣe gudugudu méje. Òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró ń gba ìdá 80 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní furlough, tí kò gbọdọ̀ ju £2,500 lọ lóṣù. Àwọn tó jẹ́ ọ̀gá ara wọn náà ní ètò tiwọn: ìdá 80 nínú èrè wọn, fún oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tó lè tó £7,500 ní ìpín àkọ́kọ́. Mo mọ onífótò kan tí owó yìí san rẹ́ǹtì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé ni wọ́n fi ń wọn owó náà. Ó di dandan kí ènìyàn ti fi ìwé owó orí ọdún 2018 sí 2019 ránṣẹ́. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní àǹfààní títí di ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2020. Obìnrin kan tó ń ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́, tó fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀ ní ọdún 2019 láti dá dúró, kò rí kọ́bọ̀ títí di ìpín kẹrin, ní ọdún 2021. Owó mìíràn wà ní ọdún yẹn fún ilé oúnjẹ, hòtẹ́ẹ̀lì àti irú wọn, tó lè tó £18,000, àmọ́ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tàbí gbọ̀ngàn ni. Kíṣìnì ilé ni alásè wa ti ń dáná.

Ẹ padà sọ́dọ̀ alága ìjókòó. Kì í ṣe pé kò kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní ìwé, èdè Yorùbá ló sì fi kọ ọ́. Nínú oṣù Kẹrin yẹn ló pè mí lórí fóònù: "Tíṣà, ẹ gbà mí. Akáńtà ní kí ni owó ìtanràn." Mo ní ká pè é ní fine. Ó ní akáńtà yóò rò pé ilé ẹjọ́ ló bu owó lé òun. Owó bàbá gbọ́ ńkọ́? Ẹbí ló ni ín, òun kàn gbà á ni. Owó tí ẹbí ọkọ ń lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí ńkọ́? Tirẹ̀ ni, àmọ́ ó ti fún onílù nínú rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì tí a fi wà lórí fóònù. Níkẹyìn, akáńtà kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo.

Síbẹ̀, kò rí owó náà gbà. Òfin ní èrè iṣẹ́ àdáni gbọ́dọ̀ tó ìdajì gbogbo owó tó ń wọlé fún ènìyàn, ó kéré tán. Owó ilé ìtọ́jú ju owó òde rẹ̀ lọ díẹ̀. Mi ò rò pé ìkà ló ṣe òfin náà. Ẹni tó ní iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n kọ ọ́. Àwọn ènìyàn wa ní iṣẹ́ ọ̀sẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ Sátidé.

Àjọ ló gbà á sílẹ̀. Obìnrin mẹ́wàá, £100 lóṣù. Ẹni tó kàn gbà kó o lọ ṣáájú. Lẹ́yìn náà ló gbé alága lọ sórí Zoom. Mo wo ọ̀kan: ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, alága ní òun kò rí àyà rẹ̀ nílẹ̀, kí wọ́n yí kámẹ́rà. Inú báńkì ni wọ́n ń san owó sí. Bí owó ìtanràn ṣe di ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ báńkì nìyẹn, láìsí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀.

Òde ti padà báyìí. Onílù kò padà. Ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Alága ti ní ìwé tuntun, Yorùbá lápá òsì, Gẹ̀ẹ́sì lápá ọ̀tún. Fún owó ìtanràn, late coming ló kọ. Iwájú owó ìyàwó ilé ṣì ṣófo. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá a mu, ẹ mú un wá sí kíláàsì. Màá fi jíṣẹ́ fún un.