Ohun Tí Ọwọ́ Ń Mọ̀ Kí Bípí Tó Já

Mátírọ́nì tó kọ́ mi níṣẹ́ agbẹ̀bí kì í kọ́kọ́ béèrè iye tí bípí (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) abiyamọ jẹ́. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé, "Báwo lo ṣe bá a?" Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà tutù, bóyá inú ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun, bóyá ó dáni lóhùn bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa ń gba ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára ọ̀dọ́bìnrin tára rẹ̀ le, ọkàn rẹ̀ á máa sáré láti gbé bípí ró. Ẹ̀jẹ̀ á ti lọ púpọ̀ kí bípí tó já wálẹ̀. Ìlùkìkì ọkàn ló sábà máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí. Ìdí nìyẹn tí Mátírọ́nì fi ní ká má ka iye kan ṣoṣo, ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀: 80, 88, 98. Kò sí èyí tó kọjá 100 nínú wọn, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n forí lé ló yẹ kó káni lára.

Fún wákàtí méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí, ìṣẹ́jú 15 sí 15 la máa ń gbọ́wọ́ lé ikùn abiyamọ. Ilé ọmọ tó sún kì dáadáa á le bíi bọ́ọ̀lù lábẹ́ ìka. Òun ló ń fún ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ pa níbi tí ibi ọmọ ti já. Bó bá rọ̀, ewu ti dé. Bó bá tún yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ká yára wo àpò ìtọ̀, torí èyí tó bá kún kì í jẹ́ kí ilé ọmọ sún kì.

Lóru ọjọ́ kan, abiyamọ kan ń béèrè omi léraléra. Bípí rẹ̀ wà ní 110/70, aṣọ ìdí rẹ̀ kò sì rin púpọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kéré jù láàárín wa ló ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, òǹgbẹ yìí kò yé mi." Mátírọ́nì dìde lójú ẹsẹ̀. "Ìyá Ìkókó, ẹ yí síbí fún mi." Bó ti yí báyìí, a rí ẹ̀jẹ̀ tó ti dágún sábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ilé ọmọ ti rọ̀ pátápátá. Ẹnìkan ń fọwọ́ ra á, ẹnìkan tú ìtọ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn fún un ní oxytocin, oògùn tó ń mú ilé ọmọ sún kì, wọ́n sì pe dókítà. Kílẹ̀ tó mọ́, abiyamọ náà ti ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, síbẹ̀ ó ṣòro fún ọmọ tí a tọ́ dáadáa láti sọ̀rọ̀ níbi tí ọ̀gá rẹ̀ ti dákẹ́. Mátírọ́nì sọ ọ́ di òfin wọ́ọ̀dù: ẹni tó bá fura gbọ́dọ̀ sọ.

Ojú nìkan kì í mọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 2023, èsì ìwádìí E-MOTIVE lórí ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbí jáde, èyí tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá tó ní ìlà ìwọ̀n sábẹ́ abiyamọ, wọ́n sì ń ṣe gbogbo ìtọ́jú pa pọ̀ láìdúró kí ọ̀kan kọ́kọ́ kùnà. Ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le àti jàǹbá tó ń tẹ̀lé e dín kù ní ìdá 60 nínú 100.

Èmi náà ti ń kọ́ àwọn mìíràn báyìí. Mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n pè mí kó tó dá wọn lójú. Bí mo bá dé tí n kò rí nǹkan kan, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó pè mí, nítorí mo fẹ́ kó tún pè mí lọ́la.